Ṣàwá Ìyá Mi àti Súṣì Àwọn Ará Jàpánì

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà lọ́dún 2019, mo dé ilẹ̀ Jàpánì, ṣùgbọ́n kì í ṣe abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo rí níbẹ̀. Ẹja tí ìyá mi tà tọ́ mi ni mo rí, ẹja tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, nítorí ẹjọ́ náà gùn: ó kan ìjọba, ó kan alágbàṣe, ó kan ológbò pàápàá.

Ìsọ̀ ẹja ni ìyá mi ní n'Íbàdàn. Ṣàwá yíyan ni ọjà rẹ̀ jù lọ. Ẹ̀yin náà mọ ṣàwá: ẹja pẹlẹbẹ kékeré, tí egungun rẹ̀ pọ̀ bí abẹ́rẹ́, tí èéfín ti sọ di dúdú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, èyí tó ti ṣẹ́ tí oníbàárà kò rà ni ìyá mi máa ń kó bọ̀ wálé. Òun la ó fi jẹ ẹ̀kọ, òun náà la ó fi jẹ àmàlà. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfìgbà tí mo wọ iléèwé girama. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹja olówó wà, ẹja tálákà sì wà. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń wa mọ́tò, ẹja àrọ̀ tútù àti ọ̀bọ̀kún ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbọ́ òórùn èéfín lára aṣọ mi, ni wọ́n bá sọ mí ní “Oníṣàwá”. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi jẹ́ orúkọ yẹn. Ọjọ́ tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo pinnu pé ṣàwá kò ní wọ ẹnu mi mọ́. Ìyá mi kíyè sí i, ṣùgbọ́n kò wí nǹkan kan.

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Jàpánì pe àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà sí ìpàdé ńlá tí wọ́n ń pè ní TICAD, ẹlẹ́ẹ̀keje irú rẹ̀, ní ìlú Yokohama. Èmi náà bá àwọn oníròyìn lọ. Owó ìjẹun tí mo mú dání kò tó nǹkan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ebi lé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè jẹ súṣì?” ló bi mí.

“Súṣì wo? Ẹja tí wọn ò sè yẹn? Ṣé ológbò ni mí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣáà tẹ̀lé mi. Bí ò bá dùn, èmi ni n ó sanwó. Bó bá dùn, ẹ̀yin lẹ ó san án.”

Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí ẹja nìkan. Nílé, ohun tí mo mọ̀ nípa súṣì ni pé oúnjẹ àwọn tó rí jájẹ ní Erékùṣù Èkó ni, àwọn tó ń jẹun nínú ẹ̀rọ amúlétutù, tí owó ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan wọn lè bọ́ ilé mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Àfi bí a ṣe dé ilé oúnjẹ náà tí mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń yí káàkiri láàárín àwọn àga, bí èyí tí a fi ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, abọ́ kéékèèké sì tò lórí rẹ̀, wọ́n ń kọjá níwájú ẹni lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wù ọ́ ni o ó mú. Bí o bá yó, wọ́n á ka abọ́ tó wà níwájú rẹ, wọ́n á ṣírò owó. Abọ́ kan, ẹyọ súṣì méjì, 100 yen láìka owó orí ọjà. Ó lé díẹ̀ ní 300 náírà wa nígbà náà. Mo wo àyíká: bàbá arúgbó kan tó dá jókòó, àwọn ọmọ iléèwé, ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. N kò rí ẹni tó jọ olówó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú gbé abọ́ kan síwájú mi. Ìrẹsì tí wọ́n fún pọ̀ ní ìwọ̀n àtàǹpàkò ni, ẹja pẹlẹbẹ kan sì bò ó lórí. Awọ ẹja náà ń dán bí fàdákà, àmì dúdú tóótòòtó wà lára rẹ̀. Mo di ojú, mo fi sẹ́nu. Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà ó kan díẹ̀, lẹ́yìn náà ni adùn kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo la ojú.

“Àbúrò, kí lorúkọ ẹja yìí?”

“Kohada ni wọ́n ń pè é. Ìbátan ṣàwá ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹja tí ò wọ́n ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà Tokyo ní òun ni àwọn fi ń dán onísúṣì wò. Ẹni tí ò bá mọ kohada ṣe, iṣẹ́ ò tíì yé e.”

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ pa á, wọ́n á ka ìṣẹ́jú, wọ́n á fi ọtí kíkan rẹ ẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó bàjẹ́. Bí kíkan bá kéré jù, ó bàjẹ́. Ṣàwá o! Abọ́ 11 ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kohada ni mẹ́rin nínú wọn. Èmi ni mo sanwó, n kò sì kùn. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru. Ohun tí mo ń rò ni pé, ta gan-an ló sọ fún mi pé ṣàwá kò dára? Ṣé ahọ́n mi ni, àbí àwọn ọmọ iléèwé mi? Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ pinpin ìtàn súṣì, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

ÌRẸSÌ TÍ WỌ́N Ń DÀ NÙ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹja àìsè ni súṣì túmọ̀ sí. Ohun tó kan lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ìrẹsì kíkan ni súṣì, ẹja ló wá bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń jẹ ìrẹsì náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹja kó má bàa rà ni, ó sì jọ pé gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí ìrẹsì àti ẹja odò ti pọ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Jàpánì. Wọn kò ní yìnyín, wọn kò ní fíríìjì. Wọ́n á fi iyọ̀ pa ẹja, wọ́n á tò ó sáàárín ìrẹsì sísè, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìrẹsì náà á kan bí ògì ṣe ń kan, kíkan yẹn ni kò sì ní jẹ́ kí ẹja rà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tàbí ọdún kan pàápàá, wọ́n á ṣí i, wọ́n á jẹ ẹja, wọ́n á da ìrẹsì nù.

Nǹkan yìí ti pẹ́. Òfin ìjọba Jàpánì tí wọ́n kọ lọ́dún 718 dárúkọ súṣì mọ́ àwọn ohun tí ará ìlú lè fi san owó orí. Títí di òní, létí adágún Biwa tí kò jìnnà sí ìlú Kyoto, wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní funazushi. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sá. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, àlejò tó kọ́kọ́ dé ibi tí a ti ń ṣí igbá irú pẹ̀tẹ̀ náà á sá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sún mọ́ ọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín ọjọ́ rẹ̀ kù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹja àti ìrẹsì pọ̀ kó tó kan jù. Nígbà tó wá di àsìkò tí ìdílé Tokugawa ń ṣàkóso, láti ọdún 1603 lọ, àwọn èèyàn wòye pé bó bá ṣe kíkan là ń wá, kí ló dé tí a kò kàn da ọtí kíkan sí ìrẹsì? Ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó ń gba ọdún kan di ohun tó ń gba wákàtí díẹ̀.

OJÚ TÍTÌ NI WỌ́N BÍ I SÍ

Ìlú Tokyo tòní, Edo ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe Ẹ̀dó ti Bìní o! Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, èèyàn ibẹ̀ ti tó mílíọ̀nù kan. Ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ: káfíńtà, alágbàṣe, alááàrù, àwọn jagunjagun tí ọ̀gá wọn kó wá láti ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ wọn kò níyàwó nílé, ilé onígi ni wọ́n sì ń gbé, níbi tí iná kékeré ti lè jó àdúgbò run. Kí ni irú wọn á jẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó, ẹ mọ ìdáhùn. Ojú títì ni wọ́n á ti jẹun.

Láàárín ọdún 1820 sí 1830, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hanaya Yohei ń ta súṣì ní àdúgbò Ryōgoku. Òun ni ìtàn sọ pé ó gbé irú súṣì tí a mọ̀ lónìí lárugẹ. Ó fi ọwọ́ fún ìrẹsì pọ̀, ó fi wàsábì díẹ̀ sí i, ìyẹn ewéko kan tó ń ta sí imú dípò ahọ́n, ó gbé ẹja lé e lórí, ó parí. Oníbàárà á dúró, á fi ọwọ́ mú un, á tì í bọ inú omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, á jẹ ẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ìgbà náà tó méjì tàbí mẹ́ta tòní. Ìwé tí wọ́n kọ láyé ìgbà náà sọ pé 8 mon ni ẹyọ kan, owó wẹ́wẹ́ wọn nìyẹn, nígbà tí abọ́ núdù jẹ́ 16. Etí òkun Edo fúnra rẹ̀ ni ẹja ti ń wá, kohada wà lára wọn. Nítorí pé kò sí yìnyín, wọn kì í gbé ẹja lásán sórí ìrẹsì. Wọ́n á fi iyọ̀ pa á, tàbí kí wọ́n bọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan.

Ẹ wá wo ọmọ aráyé. Bí oúnjẹ alágbàṣe yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lókìkí, àwọn olówó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn ilé súṣì tí ọjà wọn wọ́n bí ojú yọjú. Nígbà tó di ọdún 1841 sí 1843, ìjọba ṣe òfin láti fòpin sí ìnákúnàá, ni wọ́n bá kó àwọn onísúṣì, tí Yohei wà lára wọn, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí wọn lọ́wọ́. Họ́wù! Láàárín nǹkan bí ogún ọdún péré, oúnjẹ ojú títì ti di ẹ̀ṣẹ̀ olówó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ ríri ba Tokyo jẹ́. Ọ̀pọ̀ onísúṣì padà sí ìlú abínibí wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà dé ibi gbogbo ní Jàpánì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi dé. Lọ́dún 1947, ìjọba ti ilé oúnjẹ pa nítorí àìtó ìrẹsì. Ọgbọ́n wo ni àwọn onísúṣì Tokyo dá? Wọ́n ní kí oníbàárà gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá, nǹkan bí 150 gíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo mílíìkì kan. Wọ́n á fún un ní ẹyọ súṣì mẹ́wàá, wọ́n á gba owó iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ta oúnjẹ, àwọn kàn ń bá èèyàn ṣe é ni, bí ẹlẹ́rọ ṣe ń bá wa lọ ata. Ìjọba gbà fún wọn, súṣì kò sì kú.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n ṣòfin ìmọ́tótó, àtẹ ojú títì pòórá. Súṣì wọ inú ilé, ó wọ aṣọ àlà. Ní ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ iye owó sára ògiri. O ó jẹun tán kí o tó gbọ́ iye rẹ̀. Ẹni tó bá ní láti béèrè, kó yáa máa lọ sílé ni.

ẸJA TÍ OLÓGBÒ Ń DÁ KỌJÁ

Lónìí, bí a bá ń sọ ti ẹja tó wọ́n jù nídìí súṣì, túnà ni, pàápàá ọ̀rá ikùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní toro. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láyé Edo, ẹja yẹpẹrẹ ni túnà. Ó tóbi, ó pupa, ó tètè ń bàjẹ́. Ẹran rẹ̀ tó pupa, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi sóyà kó lè pẹ́ díẹ̀, àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan á rà á. Ọ̀rá ikùn ńkọ́? Wọ́n ń jù ú nù. Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀, neko-matagi, ìyẹn ni pé bí ológbò bá bá a nílẹ̀, yóò dá a kọjá.

Kí ló wá yí i padà? Yìnyín àti fíríìjì ni, kò jẹ́ kí ọ̀rá náà bàjẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Jàpánì tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹran màlúù, ẹnu wọn sì mọ́ ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú dé. Ní àwọn ọdún yẹn, wọ́n ń kó kámẹ́rà àti rédíò láti Jàpánì lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà, òfìfo ni ọkọ̀ sì ń padà. Òṣìṣẹ́ Japan Airlines kan, Akira Okazaki, ni iṣẹ́ já lé lọ́wọ́ pé kó wá ẹrù tí wọ́n á máa rù bọ̀. Erékùṣù Prince Edward ní Kánádà ló ti rí i. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fi ìwọ̀ fa túnà ràgàjì fún eré ìdárayá. Wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á fi katakata gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1972, àkọ́kọ́ nínú àwọn túnà Kánádà wọ ọjà Tsukiji ní Tokyo, wọ́n sì rí rà. Ẹja tí wọ́n ń sin bí òkú ajá di wúrà.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mo lọ síbẹ̀ gan-an, ìyẹn 2019, wọ́n ta túnà kan ní ọjà tuntun Toyosu, tó gba ipò Tsukiji lọ́dún 2018. Kílò 278 ni ẹja náà. Owó rẹ̀, mílíọ̀nù 333.6 yen! Lóòótọ́, títà àkọ́kọ́ nínú ọdún máa ń ní àṣehàn nínú; onísúṣì tó bá ra ẹja náà, ìwé ìròyìn gbogbo ló máa gbé e. Síbẹ̀, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kílò kan jẹ́ mílíọ̀nù 1.2 yen. Owó kílò kan yẹn á ra abọ́ 12,000 ní ilé oúnjẹ tí mo ti jẹun. Ológbò tó dá a kọjá nígbà náà á máa ká àbámọ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé, nígbà tí owó gorí túnà, gbogbo ayé gbé àwọ̀n lé e lẹ́yìn. Lọ́dún 2010, níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Doha, wọ́n dá a lábàá pé kí wọ́n fòfin de títa túnà ńlá ti òkun Àtìláńtíìkì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìpàdé náà kò gbà. Lọ́dún 2011, wọ́n kọ ẹja náà mọ́ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó fẹ́ run. Ìgbà tí wọ́n tó wá dín iye tí wọ́n ń pa kù gidi, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn apẹja, ni ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí bí sí i, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ewu lọ́dún 2021. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹnu kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí a fojú kéré la ń fi ṣòfò, ohun tí a bá sì yìn jù, a lè yìn ín pa.

ABỌ́ TÓ Ń YÍ

Ta ló wá dá súṣì padà fún mẹ̀kúnnù? Ọkùnrin kan ní agbègbè Osaka ni, Yoshiaki Shiraishi. Ilé súṣì kékeré kan ló ní, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì ń bá a jẹun. Wọn kò lówó púpọ̀, òun náà kò sì rí owó gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó lọ wo ilé iṣẹ́ bíà, ó rí i bí ìgò ṣe ń tò lọ lórí bẹ́líìtì. Ó ronú pé bí ìgò bá lè rìn lọ bá òṣìṣẹ́, kí ló dé tí abọ́ kò lè rìn lọ bá oníbàárà? Ọdún mélòó kan ló fi dán an wò kó tó bọ́ sí i. Bí bẹ́líìtì bá yára jù, ẹja á gbẹ; bó bá falẹ̀ jù, ebi á máa pa oníbàárà. Lọ́dún 1958 ló ṣí ilé súṣì àkọ́kọ́ tí abọ́ rẹ̀ ń yí. Nígbà tí ìpàtẹ ọjà àgbáyé wáyé ní Osaka lọ́dún 1970, gbogbo ayé wá wò ó níbẹ̀, òkìkí kàn.

Kì í ṣe bẹ́líìtì nìkan ló mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Iye owó wà ní gbangba. Ẹni tó ní 300 yen lápò mọ̀ pé abọ́ mélòó lòun lè jẹ, ojú kò ní tì í. Lóòótọ́, ìgbà ò lọ bí òréré. Lọ́dún 2022, àwọn ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ta abọ́ kan ní 100 yen fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí fowó kún un, nítorí ẹja àti epo wọ́n, yen sì já wálẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí Shiraishi là kò dí.

PÁNLA ÀTI SÁMỌ́NÌ

Ìtàn kan kù tó kan àwa náà. Àwọn ará Nọ́wè kì í ṣe àjèjì sí ìkòkò ọbẹ̀ wa. Àwọn ni wọ́n ń sá ẹja sí atẹ́gùn tútù ní Lofoten títí á fi gan bí igi, tó fi di pánla gbígbẹ tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Nígbà ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970, ó wà lára oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ebi ń pa. Orí ẹja náà pàápàá, ọjà Nàìjíríà ló ń bọ̀.

Àwọn ará Nọ́wè yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí sin ẹja sámọ́nì nínú àgò lójú òkun, ó sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè tà lọ. Lọ́dún 1985, mínísítà ọ̀ràn ẹja wọn, Thor Listau, kó àwọn oníṣòwò lọ sí Jàpánì. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Jàpánì tó ń jẹ ẹja láìsè kì í jẹ sámọ́nì láìsè! Wọ́n ní tàwọn ní kòkòrò nínú, yíyan ló yẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọ̀ ti Nọ́wè kò dáa, òórùn rẹ̀ kò dáa. Àwọn ará Nọ́wè kò sú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣàlàyé pé oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn ń fún ẹja inú àgò ló ń jẹ, nítorí náà kòkòrò yẹn kò bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Jàpánì gbà láti ra 5,000 tọ́ọ̀nù, ó sì gbà pé fún súṣì lòun máa tà á. Ilé abọ́ tó ń yí ni ó wọ̀ sí, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rá àti adùn rẹ̀. Lónìí, ó wà lára èyí tí àwọn ará Jàpánì fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà onísúṣì kan kò ní gbà á sínú ìsọ̀ wọn títí dòní.

KÍ WÁ NI ẸJA TÓ DÁRA?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tò ó pọ̀. Ẹja tí ológbò dá kọjá di mílíọ̀nù. Ẹja tí wọ́n sọ pé kò ṣeé jẹ láìsè di ààyò ọmọdé. Oúnjẹ alágbàṣe di ti olówó, ó tún padà di ti alágbàṣe. Ahọ́n kan náà ni, ẹja kan náà ni. Owó, yìnyín àti ohun tí àwọn ará ìta ń sọ ló ń yí padà. Èmi tí mo rò pé ahọ́n mi ló kọ ṣàwá, ẹ̀sín ni mo ń sá fún.

Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nílùú tí wọ́n ti ń ta súṣì, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ kọ́kọ́ wo ìrẹsì, nítorí òun ni súṣì: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má le, kó má sì ṣe móṣómóṣó. Ẹ lọ sí ibi tí èèyàn pọ̀ sí, tí ẹja kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹja kékeré aláwọ̀ fàdákà, tí onísúṣì ti fi iyọ̀ àti ọtí kíkan ṣiṣẹ́ lé lórí. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi lọ gé ẹja Titus tàbí ẹja àrọ̀ ọjà wa kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ láìsè! Ẹja odò lè ní kòkòrò, ẹja inú yìnyín tó ti yọ́ lójú oòrùn náà sì lè pa èèyàn lára. Àwọn tó ń ṣe súṣì mọ èyí tí wọ́n ń mú, ọ̀pọ̀ ẹja wọn ni wọ́n sì ti dì gan-an kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Nígbà tí mo padà dé, Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ìyá mi ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í dé ọjà. Mo ròyìn fún un.

“Wọ́n ń jẹ ṣàwá láìsè?” Ó pàtẹ́wọ́. “Èló ni wọ́n ń tà á?”

“Abọ́ kan, 300 náírà ó lé díẹ̀, Màámi. Ìdajì ẹja kan péré ló wà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.”

Ó dákẹ́, ó ń ṣírò rẹ̀. “Ìdajì? Ẹja kan ní 300?” Ó wo àbúrò mi. “Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí? Ọjà olówó là ń tà láti ọjọ́ yìí.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní ṣàwá kí n fi jẹ ẹ̀kọ. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Ó kàn yan èyí tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ti ṣẹ́, ó gbọn eérú orí rẹ̀ dànù, ó gbé e fún mi. Mo jókòó ti ìsọ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi.